Wíwọlé àti Bíbá Mu: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Fúláìwíìlì Nínú Pípààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì àti Gíà Àfọwọ́yí

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ó fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tún la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n ọgbà mẹkáníìkì kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Kí olùkọ́ tó wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ni àwọn tí ń fi ọwọ́ wọn tú u ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn: kílọ́ọ̀ṣì, gíà, sítátà, kíráńkì, síìlì.

Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúláìwíìlì. Ìdí tí ó fi yẹ ní àyẹ̀wò ni pé nígbà tí ẹnì kan bá yọ ẹ́ńjìnnì kan tí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí tí ó so ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan mọ́ gíà àfọwọ́yí ti ọkọ̀ mìíràn, ẹ̀yà yìí ni ó wà ní ààlà àwọn méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu ní ojú kan, kí ó bá kílọ́ọ̀ṣì àti gíà mu ní ojú kejì, kí ó sì bá sítátà mu ní etí. Bí olùtumọ̀ ìwé atọ́nà bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó gbogbo èyí pọ̀, ẹni tí ó ka ìwé náà lè ra irin tí yóò ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, orúkọ kan fún ẹ̀yà náà kò tó. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí ó lè dá ìṣòro sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀, ohun tí ó “wọlé” sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó “bá mu” nínú ìwé.

2.0 Iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe

Ẹ́ńjìnnì kì í ti ọ̀pá kíráńkì lọ́nà kan náà ní gbogbo ìgbà. Nínú ẹ́ńjìnnì onígbèésẹ̀ mẹ́rin, píṣítọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó ń fún wọn pọ̀, iná ń tì í padà, ó sì ń lé èéfín jáde. Nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ni ó ń fún ọ̀pá ní agbára; mẹ́ta yòókù ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí píṣítọ́ọ̀nù bá jẹ́ mẹ́rin, ìtì kan ń wáyé ní ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan. Láàrin ìtì kan sí èkejì, ohun kan gbọ́dọ̀ máa gbé ọ̀pá náà yí lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa ta gìrìgìrì, yóò sì kú nígbà tí awakọ̀ kò bá tẹ epo. Àwo irin wíwúwo tí ó wà ní ìdí ọ̀pá kíráńkì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń gba agbára pamọ́ nígbà tí ìtì bá wáyé, ó sì ń dá a padà nígbà tí kò bá sí ìtì.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọdé tí ń ta òkòtó mọ̀ pé èyí tí ó fúyẹ́ jù kì í pẹ́ ṣubú. Àwọn obìnrin tí ń ran òwú máa ń fi ohun rógódó tí ó wúwo sí ìdí igi ìrànwú, kí igi náà lè máa yí lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ìka bá ti fi í sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó dé inú ẹ́ńjìnnì.

Agbára tí àwo náà ń pamọ́ dúró lórí ohun mẹ́ta: bí irin rẹ̀ ti wúwo tó, bí ìwúwo náà ti jìnnà sí àárín tó, àti bí ó ti ń yára yí tó. Bí ìyára yíyí bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó wà ní ìpamọ́ a di ìlọ́po mẹ́rin. Bákan náà ni ó rí bí ìwọ̀n irin kan náà bá sún jìnnà sí àárín ní ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí etí àwo náà fi sábà máa ń nípọn. Àwo tí ó wúwo ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tí ó fúyẹ́ ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè sáré, kí ó sì tètè rọlẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìpamọ́ agbára, àwo náà ní iṣẹ́ méjì mìíràn. Ojú rẹ̀ tí ó kọ sí gíà ni kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́ kí agbára tó lè kọjá sí táyà. Etí rẹ̀ ni òrùka eléyín wà, èyí tí eyín sítátà ń mú nígbà tí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́. Nínú ọkọ̀ onígíà aládàáṣiṣẹ́, àwo fẹ́lẹ́ kan ni ó wà ní ipò yìí. Òrùka eléyín wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú tí kílọ́ọ̀ṣì lè lẹ̀ mọ́, ohun tí ó sì ń pèsè ìwúwo ni agolo ńlá tí ó kún fún ọ́ìlì níwájú gíà náà. Ẹni tí ó bá ń sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di onígíà àfọwọ́yí kò lè lo àwo fẹ́lẹ́ náà mọ́.

3.0 Orúkọ wo ni ó yẹ ẹ?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wò níhìn-ín ni iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe. Orúkọ mẹ́rin ni ó ṣeé gbé yẹ̀ wò.

(i) Fúláìwíìlì. Àyálò ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n, oníṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fi í béèrè ọjà yóò rí ohun tí ó ń wá. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ohun tí ń jẹ́ orúkọ náà.

(ii) Kẹ̀kẹ́ afò. Ìtumọ̀ ní olówuuru ni. Kò sí ohun tí ń fò nínú ẹ́ńjìnnì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú ni. Bí àwo náà bá fò lóòótọ́, ìjàǹbá ni: èyí tí ó bá fọ́ nígbà tí ó ń sáré lè la ilé kílọ́ọ̀ṣì já, kí ó sì ṣe awakọ̀ léṣe. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó ń pe ìjàǹbá ní iṣẹ́ kò yẹ ní títẹ́wọ́gbà.

(iii) Kẹ̀kẹ́ ìpamọ́-agbára. Àpèjúwe ni, ó sì sún mọ́ òtítọ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n “kẹ̀kẹ́” máa ń mú ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí kẹ̀kẹ́ gígùn, bátìrì náà sì ń pa agbára mọ́. Orúkọ náà kò sọ ìdí tí agbára fi wà ní ìpamọ́.

(iv) Àwo amúyìídọ́gba. Ìhun rẹ̀ ni a + mú + ìyí + dọ́gba. Ìlànà kan náà ni ó bí “amúlùúdùn”, èyí tí ó wá láti ara a + mú + ìlú + dùn. Bí amúlùúdùn ti ń mú ìlú dùn ni amúyìídọ́gba ń mú yíyí ọ̀pá dọ́gba. Orúkọ yìí sọ ìrísí rẹ̀ (àwo), ó sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu Yorùbá sì gbà á.

Nínú ìwé ẹ̀kọ́, àwo amúyìídọ́gba ni ó yẹ kí ó jẹ́ orúkọ. Síbẹ̀, ó yẹ kí fúláìwíìlì tẹ̀ lé e ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá jẹ yọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé tí kò dé ọjà kò lè ran oníṣẹ́ lọ́wọ́.

4.0 Wíwọlé àti bíbá mu

Èdè Yorùbá ti ní ìyàtọ̀ tí olùtumọ̀ nílò. Ohun tí ó gba ihò kọjá “wọlé”. Ohun tí ó yẹ ohun mìíràn ní gbogbo ọ̀nà ni ó “bá a mu”. Bàtà lè gba ẹsẹ̀ kí ó má bá ẹsẹ̀ náà mu. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Nínú ọ̀rọ̀ àwo amúyìídọ́gba, wíwọlé ni ohun tí ojú lè rí lórí tábìlì. Ìbáramu gba ìwọ̀n márùn-ún.

4.1 Ihò ìdèmọ́. Àwọn ihò tí bóòtù ń gbà dé ìdí ọ̀pá kíráńkì gbọ́dọ̀ bá ti ọ̀pá náà mu ní iye, ní ìtóbi àti ní ìjìnnà sí àárín. Ẹ́ńjìnnì kékeré onípíṣítọ́ọ̀nù mẹ́jọ ti Chevrolet jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ náà yí síìlì ẹ̀yìn ọ̀pá kíráńkì rẹ̀ padà sí alódindi, òbìrí tí àwọn ihò bóòtù tò sí sì kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Àwo ti ẹ̀yìn 1986 kò wọlé rárá sára ọ̀pá ti ìṣáájú. Èyí ni àṣìṣe tí kò léwu, nítorí pé irin fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀.

4.2 Iye eyín. Òrùka eléyín gbọ́dọ̀ bá eyín sítátà mu. Àwo Chevrolet yẹn wà ní oríṣi méjì, eléyín 153 àti eléyín 168. Èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ jù ni ó tóbi jù. Sítátà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó tò mọ́ ìtóbi àwo tí ẹni náà yàn. Bí eyín kò bá bá eyín mu, wọn yóò máa ha ara wọn títí wọn yóò fi jẹ tán.

4.3 Ojú ìfarakínra àti jíjìn rẹ̀. Ojú tí kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ gba ìdábùú kílọ́ọ̀ṣì náà, ihò tí wọ́n fi ń de ìbòrí kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Jíjìn ojú náà sí ìdí ọ̀pá kíráńkì ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí ó bá jìn jù, bíárìn tí ń ti kílọ́ọ̀ṣì lè má dé ibi tí ó yẹ kí ó tì, gíà yóò sì máa ké nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yí i.

4.4 Ìwúwo ẹ̀gbẹ́ kan. Níhìn-ín ni wíwọlé ti ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Àwọn ọ̀pá kíráńkì kan ní ìwúwo tí ó tó lára ara wọn láti máa yí láìgbọ̀n. Irú èyí ń fẹ́ àwo tí ìwúwo rẹ̀ ṣe déédéé yíká. Àwọn mìíràn ń fẹ́ àwo tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ. Ẹ́ńjìnnì 302 ti Ford jẹ́ ẹ̀rí. Ti àtẹ̀yìnwá ń fẹ́ ìwúwo ẹ̀gbẹ́ kan tí ó tó áúnsì-íǹṣì 28. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ di 50. Áúnsì-íǹṣì kan ni ìwúwo áúnsì kan tí ó jìnnà sí àárín ní íǹṣì kan. Oríṣi méjèèjì ní ihò ìdèmọ́ mẹ́fà kan náà, àwo eléyín 157 sì wà nínú oríṣi méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi èyí dípò èyí yóò rí i pé ó wọlé, bóòtù dì, sítátà mú un. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré ni gbogbo ara ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, bíárìn ọ̀pá kíráńkì ni yóò sì jìyà rẹ̀.

4.5 Ìjókòó imú ọ̀pá gíà. Imú ọ̀pá tí ó jáde láti inú gíà máa ń jókòó sínú bíárìn kékeré ní àárín ọ̀pá kíráńkì tàbí àárín àwo. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti bá gíà aládàáṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bíárìn yìí lè má sí níbẹ̀.

Nítorí náà, gbólóhùn bíi “Ẹ fi fúláìwíìlì tí ó bá wọlé sí i” kò tó nínú ìwé atọ́nà. Èyí tí ó tọ́ ni irú gbólóhùn yìí: “Ẹ wá àwo amúyìídọ́gba tí ihò ìdèmọ́ àti ìwúwo ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ bá ọ̀pá kíráńkì mu, tí iye eyín rẹ̀ bá sítátà mu, tí ojú ìfarakínra rẹ̀ sì bá kílọ́ọ̀ṣì mu.” Ó gùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ohun tí ó ń dáàbò bò.

5.0 Àpẹẹrẹ láti ara Ìjàpá

Ọkọ̀ Volkswagen tí Yorùbá sọ ní Ìjàpá nítorí ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀ dára fún àpẹẹrẹ. Jámánì ni ó ti ṣẹ̀ wá; láti 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀, Ìjàpá sì wà lára ohun tí ó tò. Ní Mẹ́síkò ni èyí tí ó kẹ́yìn gbogbo wọn ti jáde ní 2003. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọrùn láti yọ, tí bóòtù mẹ́rin péré sì so ó mọ́ gíà, ẹ́ńjìnnì ọdún kan sábà máa ń bá ara rẹ̀ lẹ́yìn gíà ọdún mìíràn.

Ìjàpá ti àtijọ́ ń lo iná fóòtì 6; àwo rẹ̀ ní eyín 109, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 180 ní ìdábùú. Èyí tí Volkswagen kó lọ sí Amẹ́ríkà fún ọdún 1967 ń lo fóòtì 12. Àwo rẹ̀ ní eyín 130, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 200. Ìtóbi àwo méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn, nítorí náà eyín 130 tínrín ju eyín 109 lọ. Sítátà tí a ṣe fún ọ̀kan kò lè mú èkejì dáadáa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ so ẹ́ńjìnnì ìgbẹ̀yìn mọ́ gíà ìṣáájú ní ọ̀nà méjì pàtàkì. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni láti wá àwo eléyín 109 tí ó bá ọ̀pá kíráńkì náà mu, kí ó sì lo sítátà àtijọ́. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì 180 ni yóò máa ru agbára ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi jù ú lọ. Ọ̀nà kejì ni láti lo àwo eléyín 130. Ṣùgbọ́n inú ilé kílọ́ọ̀ṣì ti gíà àtijọ́ há fún un, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ lọ inú ilé náà díẹ̀ kí àwo tó lè yí. Búùṣì tí imú ọ̀pá sítátà ń jókòó sí yóò yí padà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pá sítátà fóòtì 12 tínrín ju ti 6 lọ.

Ohun mẹ́ta mìíràn wà tí ó jẹ́ ti Ìjàpá nìkan tàbí tí ó hàn lára rẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Èkíní ni pé bóòtù kò pọ̀ lára àwo rẹ̀. Èèkàn irin mẹ́rin ni ó mú un dúró sójú kan lára ọ̀pá kíráńkì, nọ́ọ̀tù ńlá kan ṣoṣo ní àárín, tí orí rẹ̀ jẹ́ mílímítà 36, ni ó sì dì í mú. Ìdì nọ́ọ̀tù yìí ju páùn-ẹsẹ̀ 200 lọ. Bí kò bá dì tó, àwo yóò máa mì, ihò èèkàn yóò sì fẹ̀ títí ọ̀pá kíráńkì fi bàjẹ́. Inú nọ́ọ̀tù náà ni bíárìn imú ọ̀pá gíà wà.

Èkejì ni síìlì. Ọ́ìlì síìlì ń fi ẹnu kan èjìká àwo náà, nítorí náà àwo àlòkù tí èjìká rẹ̀ ti ní ojú ọgbẹ́ yóò máa jo ọ́ìlì bí síìlì tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Láàrin àwo àti ọ̀pá, àwọn ti àtijọ́ ń lo gásíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ. Àwọn ti ìgbẹ̀yìn ń lo òrùka rọ́bà tí ó jókòó sínú àwo. Èyí kò lè dípò èyí láìṣe àtúnṣe.

Ẹ̀kẹta ni àyè ìsún, ìyẹn ìwọ̀n tí ọ̀pá kíráńkì lè fi sún síwájú àti sẹ́yìn. Ó yẹ kí ó wà láàrin mílímítà 0.07 àti 0.13. Wọ́ṣà fẹ́lẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn àwo ni ó ń pinnu rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí mẹkáníìkì fi wọ́ṣà méjì sí i, kí ó di nọ́ọ̀tù, kí ó wọn ìsún náà, kí ó sì yọ 0.10 kúrò nínú ohun tí ó rí. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ìnípọn wọ́ṣà kẹta. Bí ìsún tí ó wọ̀n bá jẹ́ 0.44, wọ́ṣà 0.34 ni yóò wá. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ àwo gbọ́dọ̀ tún ìwọ̀n yìí wọ̀n, nítorí pé àwo méjì lè jọra lójú kí jíjìn wọn má dọ́gba. Bí àyè náà bá kéré jù, bíárìn lè gan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bí ó bá pọ̀ jù, ọ̀pá yóò máa lu ara ẹ́ńjìnnì.

6.0 Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

àwo amúyìídọ́gba (fúláìwíìlì): àwo irin wíwúwo ní ìdí ọ̀pá kíráńkì, tí ń mú yíyí rẹ̀ dọ́gba.
àwo fẹ́lẹ́: èyí tí ó wà ní ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀ onígíà aládàáṣiṣẹ́.
òrùka eléyín: òrùka tí ó yí etí àwo ká, tí sítátà ń mú.
iye eyín: àpapọ̀ eyín tí ó wà lára òrùka náà.
ihò ìdèmọ́: ihò tí bóòtù ń gbà so àwo mọ́ ọ̀pá.
èèkàn: irin kúkúrú tí kì í jẹ́ kí àwo yẹ̀ lórí ọ̀pá.
ojú ìfarakínra: ojú tí kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́.
jíjìn ojú: ìwọ̀n láti ojú ìfarakínra dé ibi tí àwo ti kan ọ̀pá.
ìwúwo ẹ̀gbẹ́ kan: ìwọ̀n tí ẹ̀gbẹ́ kan àwo fi wúwo ju èkejì lọ.
ilé kílọ́ọ̀ṣì: ihò ńlá iwájú gíà, tí ó bo àwo àti kílọ́ọ̀ṣì.
bíárìn imú ọ̀pá: èyí tí imú ọ̀pá gíà ń jókòó sí.
àyè ìsún: ìwọ̀n tí ọ̀pá kíráńkì lè fi sún.
wọ́ṣà fẹ́lẹ́: wọ́ṣà tí ń pinnu àyè ìsún.

Ó yẹ ní àkíyèsí pé “dọ́gba” nínú orúkọ àwo náà jẹ́ ti yíyí, kì í ṣe ti ìwúwo. Àwo tí ìwúwo rẹ̀ kò dọ́gba yíká lè jẹ́ èyí tí ó tọ́ gan-an fún ẹ́ńjìnnì kan. Nítorí náà, “ìwúwo” gbọ́dọ̀ fara hàn nínú ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá kan ọ̀rọ̀ yìí, kí àkàwé méjì má baà dàpọ̀.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́tàlá tí ó wà lókè, àyálò bíi kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn àti wọ́ṣà dúró ní ipò wọn, nítorí pé ọgbà mẹkáníìkì ti sọ wọ́n di ti Yorùbá. Ibi tí ìṣẹ̀dá ti pọn dandan ni ibi tí oníṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ẹnu kò tíì ní orúkọ fún: jíjìn ojú, ìwúwo ẹ̀gbẹ́ kan, àyè ìsún. Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí gan-an ni ojú kì í tètè rí, àwọn ni ó sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lè dán wọn wò pẹ̀lú àwo àlòkù méjì àti ohun èlò ìwọ̀n: kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka eyín, kí wọ́n wọn ojú, kí wọ́n wo ihò, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó bi wọ́n pé èwo ni ó wọlé, èwo ni ó sì bá mu.